Bí Mo Ṣe Kọ́ Tanímọ̀la Ní Ìdúró

"Ṣé ti Ògún ni?"

Ohun tí màmá onílé kọ́kọ́ bi mí nìyẹn lọ́jọ́ tí mo fa ajá náà wọ ọgbà wa ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n, l'Ógbómọ̀ṣọ́. Mo ní ó tì o, màmá, ti ìdíje ni. Wọ́n ní ṣé yóò sáré ni? Mo ní kò ní sáré, yóò kàn dúró kí adájọ́ lè wò ó ni. Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn ṣubú lórí àpótí. N ò bá wọn jà. Ọdẹ ló tẹ ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ dó. Ajá tí kì í lé ọ̀yà, tó kàn ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró, bí àwàdà ló máa ń rí létí wa.

Boerboel ni ajá yìí, ẹ̀yà tó ti Gúúsù Áfíríkà wá. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ló ń sìn ín láti máa ṣọ́ oko àti ẹran ọ̀sìn, 1983 ni wọ́n sì tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún un ní ìlú Senekal. Mo sọ ọ́ ní Tanímọ̀la. Yorùbá kì í kúkú sọ ajá lórúkọ lásán. Aládùúgbò tó gbọ́ ọ mọ ẹni tí mo ń bá wí. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni nígbà tí mo gbọ́ pé ìdíje ajá yóò wáyé n'Íbàdàn nínú oṣù Kejìlá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ló kù.

Mo fi méjì ṣòfò nínú rẹ̀. Mo rí fídíò kan lórí fóònù, ajá náà na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan jáde, ó ká ìkejì sábẹ́ ikùn, ẹ̀yìn rẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ̀ bí òrùlé. Ó wù mí. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹsẹ̀ Tanímọ̀la sẹ́yìn láàárọ̀ àti lálẹ́. Nígbà tí mo fi àwòrán ránṣẹ́ sí bọ̀ọ̀dá kan tó ń sin ajá n'Íbàdàn, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n pè mí. "Ta ló ní kó o ṣe báyìí? Ajá Jámánì ni wọ́n ń tò bẹ́ẹ̀!"

Àwọn tó ń fa ajá lọ sí ìdíje ń pe ìdúró yìí ní stack, kì í sì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo ẹ̀yà. Ti Boerboel, kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà bí ẹsẹ̀ tábìlì. Kí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ ṣánṣán lábẹ́ èjìká, kí ọmọ ìka kọjú síwájú. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní ibì kan tó ṣẹ́ bí ìgbọ̀nwọ́, tó yọ ṣóńṣó sẹ́yìn. Láti ibẹ̀ dé ilẹ̀, kó rí bí okùn tí bíríkìlà so irin mọ́ nídìí tó fi ń wo ògiri.

Mo gbọ́ èyí tán, mo rò pé ó ti parí. Mo lọ bá a, mo di àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo fi síbi tí mo fẹ́. Ó gbé e kúrò. Mo tún fi síbẹ̀, ó tún gbé e kúrò. Mo fi orúnkún tì í níhà kó lè rọra sún sápá ọ̀tún, àfi bó ṣe fara tì mí padà bí ẹni tó ń ti mọ́tò tó kú. Ajá tó ju ogójì kílò lọ fara tì mí, mo sì jókòó sórí ilẹ̀ tútù. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé bí èèyàn bá ti ajá sọ́tùn-ún, òsì ni ara rẹ̀ ń fà sí. Kì í ṣe agídí. Kó má ṣubú ló ń ṣe.

Bọ̀ọ̀dá yẹn ló ní kí n wá nǹkan mẹ́rin tí yóò máa gun. Ẹ̀yìn ọgbà wa ní ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n ń mọ ṣálángá. Mo ṣa mẹ́rin tí gíga wọn bára mu, mo yí ibi tí kò ní ihò sókè, mo fi yanrìn tẹ́ abẹ́ wọn kí wọ́n má baà mì. Méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, mo sì fi okùn wọn àlàfo àárín wọn lára rẹ̀ nígbà tó dúró fúnra rẹ̀. Mo fi ẹ̀dọ̀ màlúù tàn án gòkè. Bí ẹsẹ̀ kan bá yẹ̀, ilẹ̀ ló máa bọ́ sí, òun náà á mọ̀ ọ́n lára. Èmi ò ní láti sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí ẹni ka ení, èjì, ẹ̀ta ló dúró kó tó fò sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹjọ, mo lè ka ogún. Mi ò jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan, ṣáájú oúnjẹ àárọ̀ àti ti alẹ́, nítorí ajá tó ti yó kò rí ti ẹ̀dọ̀ rò.

Nípa ẹ̀dọ̀ yẹn: sísè ni mo ń sè é láìsí iyọ̀ láìsí àlùbọ́sà, mo sì ń sá a sóòrùn díẹ̀ kó má baà lẹ̀ mọ́ àpò mi. Ibi tí ọwọ́ èèyàn bá gbé e sí ṣe pàtàkì. Mo máa ń gbé e sókè bí ẹni ń fi ẹran han ọmọdé, Tanímọ̀la á gbójú sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì tẹ̀ sílẹ̀ láàárín. Ìgbà tí mo rọ ọwọ́ wálẹ̀ sí ọ̀gangan imú rẹ̀, tí mo sún un síwájú díẹ̀, ni ọrùn rẹ̀ nà, tí ìwúwo ara rẹ̀ wá sórí ẹsẹ̀ iwájú. Ó yàtọ̀ pátápátá. Àbúrò mi gbé fóònù ka orí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń ká mi sílẹ̀. Ara fídíò yẹn ni mo ti rí i pé ọwọ́ mi ló ń fà á ní gbogbo ìgbà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo kó búlọ́ọ̀kù kúrò, ó dúró lórí ilẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá wọ́, mi ò di àtẹ́lẹsẹ̀ mú mọ́. Ti iwájú, ìgbọ̀nwọ́ ni mo ń dì mú, èyí tó súnmọ́ àyà, màá yí i díẹ̀, màá gbé e kalẹ̀. Ti ẹ̀yìn, òkè ibi tó yọ ṣóńṣó yẹn. Ohun kan ṣì kù: èékánná rẹ̀ ti gùn jù, ó ń ti ọmọ ìka sókè, ẹsẹ̀ sì ń fẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Gígé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ gba oṣù kan.

Adájọ́ á fọwọ́ kan ajá níbi gbogbo, á ṣí ẹnu rẹ̀ wo eyín, méjìlélógójì ló yẹ kó pé, á sì wò ó bóyá kóró abẹ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ méjèèjì. Ta ni màá fi ṣe adájọ́ ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n? Bàbá télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló gbà. Wọ́n gbé téèpù kọ́rùn, wọ́n wọ agbádá wọn, wọ́n sì wọn ajá bí ẹni tó fẹ́ rán bùbá fún un: èjìká, àyà, itan. "Ínṣì márùn-dín-lọ́gbọ̀n láti ilẹ̀ dé èjìká," wọ́n ní, "ṣòkòtò rẹ̀ máa jẹ aṣọ." Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá, tí wọ́n bá ti lọ, màá fún un ní ẹ̀dọ̀. Nígbà tó yá, ó ń fò bí ó bá rí téèpù.

Ní Ìbàdàn, ajá márùn-ún ni ẹgbẹ́ wa, akọ tí kò tíì pé ọdún kan. A sá yí agbo ká, ajá lápá òsì mi, lẹ́yìn náà a tò wọ́n. Tanímọ̀la gbẹ́sẹ̀ kalẹ̀ bí ẹni gun búlọ́ọ̀kù. Inú mi dùn débi pé mo lọ dúró síwájú rẹ̀ gbagidi. Adájọ́ juwọ́ sí mi. "Ẹ kúrò lójú ajá, ẹ̀yin kọ́ ni mo wá wò." Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣí ẹnu rẹ̀, wọ́n fọwọ́ gba itan rẹ̀ kọjá, kò mira. Wọ́n ní ẹsẹ̀ iwájú òsì rẹ̀ ń yà síta díẹ̀, a sì gba ipò kẹta. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo ti rí i lórí búlọ́ọ̀kù, mo kàn ń fojú fò ó ni.

Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dé ilé. Màmá onílé ń dáná àmàlà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ti kó mẹ́ta nínú àwọn búlọ́ọ̀kù mi ṣe ààrò. Ìkẹrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Mi ò tíì kí wọn tán tí Tanímọ̀la fi lọ gbé ẹsẹ̀ iwájú òsì lé e, ó na ọrùn sí ọ̀gangan ìkòkò, ó dúró ṣánṣán.

"Wá mú adúróṣánṣán ẹ o," ni màmá onílé wí, wọ́n sì ju egungun kan sí i.