Ẹ Má Fún Ológbò àti Ajá Ní Oògùn Ara Ríro Tiwa

Ohun tó sábà ń mú ká fún wọn ní oògùn wa ni pé èèyàn á fọwọ́ kan ológbò, ara rẹ̀ á gbóná, á ní ibà ni. Ara ológbò àti ajá tó le koko máa ń gbóná tó 38 sí 39 lórí tẹmómítà, nígbà tí tiwa wà ní 37. Kò sí ìgbà tí wọn ò ní gbóná lọ́wọ́ wa. Ẹ má tìtorí ìyẹn fọ́ Panadol sínú ẹja fún wọn.

Ológbò lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní ohun tí tiwa fi ń tú paracetamol, oògùn tó wà nínú Panadol, palẹ̀. Oògùn náà á di májèlé, á ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ débi pé kò ní lè gbé atẹ́gùn kiri ara mọ́. Ìdajì kóró 500 mg lè pa ológbò tó wọn kílò 3, ká má tíì sọ odindi. Ẹ má sọ pé díẹ̀ lẹ fún un. Ẹ rọra ká ètè rẹ̀ sókè, kí ẹ wo eérìgì. Bó bá ti di rúsúrúsú, tí ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ilé ìwòsàn ẹran ló kàn, kì í ṣe ọ̀la.

Àwa ará Abẹ́òkúta fẹ́ràn Alabukun, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí ìlú yìí ni Jacob Odulate ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1918. Aspirin àti caffeine ló wà nínú rẹ̀. Èèyàn ni wọ́n ṣe é fún. Aspirin máa ń pẹ́ lára ológbò gan-an: lẹ́yìn ọjọ́ kan ààbọ̀, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá tún fún un lọ́la, ẹ ti ń kó o jọ sí i lára nìyẹn. Caffeine ní tiẹ̀ máa ń mú kí ọkàn ajá lù kíkankíkan.

Ibuprofen àti diclofenac, oògùn ara ríro míì tí à ń rà lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, máa ń dá ọgbẹ́ sínú ajá, wọ́n sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ajá á máa bì, kò ní jẹun, ìgbẹ́ rẹ̀ á dúdú bí ọ̀dà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Kì í pa májèlé yìí, ó sì lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má fi omi iyọ̀ mú un bì pẹ̀lú. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran tó sún mọ́ yín; FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, ní ilé ìwòsàn ẹran ní Àlàbàtà. Oògùn tó ń gbógun ti paracetamol wà, acetylcysteine lorúkọ rẹ̀, àmọ́ àfi kí ẹ tètè dé. Ẹ mú páálí oògùn náà dání, kí ẹ sì sọ ìgbà tó jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ ọmọ yín ló fún un, ẹ má tíì nà án. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ iye kóró tó fún un.