Ibi tí ìyáàlù ti ń dákẹ́: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ dùndún

Èémí ló ń dá akọrin dúró. Ọwọ́ onílù kò ní irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lu ìyáàlù, olórí ìlù dùndún tó ń sọ̀rọ̀, láìdákẹ́, tàbí kó dákẹ́ níbi tí apá bá ti ro ó.

Àṣìṣe tó burú jù ni gígé ọ̀rọ̀ láàárín. Ohùn ìsàlẹ̀, àárín àti òkè nìkan ni ìlù fi ń sọ̀rọ̀. “Oko”, “ọkọ”, “igba”, bákan náà ni wọ́n ń dún lórí awọ. Gbólóhùn tó yí wọn ká ló ń jẹ́ ká mọ èyí tí à ń wí. Ẹ wo “Kò séwu lóko, àfi gìrìrì àparò”. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni kọ̀ǹgọ́, igi tí a fi ń lu ìlù, yóò kan awọ fún apá àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹjọ fún ìkejì. Ẹ̀yìn “lóko” ni kí ẹ ti dákẹ́. Bí ẹ bá dúró lẹ́yìn “àfi”, ohùn méjì ti wọ ibi tí kì í ṣe tiwọn, ẹni tó mọ òwe náà dunjú kò sì ní dá a mọ̀.

Ẹ má sì lù ú bí ìwé ṣe kọ ọ́. “Kò sí ewu ní oko” á di ẹ̀ẹ̀meje, bẹ́ẹ̀ márùn-ún ni ẹnu ń sọ. Àwọn kan ń mọ̀ọ́mọ̀ fi kún un kó lè bá ijó dọ́gba. Bí àyè bá ṣẹ́ kù, ti gúdúgúdú àti kẹríkẹrì, àwọn ìlù tó ń bá ìyáàlù rìn, ni. Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ìkánjú ń yí ọ̀rọ̀ padà. Fún “rárà”, ẹ fún ọsán, ìyẹn okùn awọ tó wà lára ìlù, mọ́ra, ẹ lù ú lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì dẹ ọsán nígbà tí ìró kejì ṣì ń dún. Bí kọ̀ǹgọ́ bá tètè padà, “rárá” layé gbọ́.

Oríkì tí kò sí ijó nídìí rẹ̀ kò ní ìwọ̀n kan pàtó. Bí ìlà kan bá parí, ẹ dúró kí ẹni tí à ń kì gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀. Bí kò bá gbọ́, ẹ má tún ìdajì lù, láti ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ni kí ẹ ti mú un.

Kí ẹ tó gbé ìlù kọ́ èjìká, ẹ fi ẹnu sọ gbólóhùn tí ẹ fẹ́ lù, ẹ fi àtẹ́wọ́ ka ohùn rẹ̀, kí ẹ ṣọ́ ibi tí ẹnu ti dúró fúnra rẹ̀.