Ẹrù tó há sí bodè: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ń ṣí lọ Ìlú Ọba

Àwọn ìbéèrè tí àwọn tó ń kó ẹrù láti Nàìjíríà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń bi mi jù ló wà nísàlẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé ẹrù ti kúrò ní Àpápá kí wọ́n tó béèrè, ìgbà yẹn sì ni àtúnṣe máa ń náni lówó. Ẹni tí kò tíì di páálí kankan ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ kà á, nítorí ìwé tí èèyàn bá ṣe kó tó di ẹrù ló máa ń yọ ẹrù náà nínú wàhálà.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹrù mi ti dé Tilbury, èbúté kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Aṣọ, ìwé, ìkòkò àti ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó mi ni, gbogbo rẹ̀ la sì ti ń lò tipẹ́. Ejẹ́ǹtì ní kí n wá san owó bodè àti VAT. Ṣé wọ́n ń gbowó lórí ohun tí mo ti ń lò nílé mi ni?

Wọ́n ń gbà á, àfi bí ẹ bá ti gba ìyọ̀ǹda pé kí wọ́n má gbà á. Lójú aṣọ́bodè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjà ni gbogbo ẹrù tó bá ti òkè òkun wọlé, títí ẹni tó ni ín yóò fi fi hàn pé ńṣe lòun ń ṣí wá gbé. ToR1 ni ìwé tí wọ́n fi ń fi èyí hàn. HMRC, àjọ tó ń gba owó orí níbẹ̀, ló ni ín. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kọ ọ́, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, wọn yóò fún yín ní nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní URN. Ejẹ́ǹtì yóò kọ nọ́ńbà yẹn sínú ìwé ẹrù, ẹrù á sì wọlé láìsan owó bodè tàbí VAT.

Ohun tí wọ́n ń wò kò ṣòro. Ẹ gbọ́dọ̀ ti gbé lẹ́yìn òde ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún oṣù 12 léraléra, ó kéré tán. Ẹrù náà gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì ti lò ó, fún oṣù 6. Ó sì gbọ́dọ̀ wọlé kó tó pé oṣù 12 tí ẹ ti débẹ̀. Ó lè ṣíwájú yín dé pẹ̀lú, bí kò bá ti ju oṣù 6 lọ. Wọn yóò béèrè ojú ìwé pásípọ́ọ̀tù yín tó ní fọ́tò, ẹ̀rí ilé tí ẹ ń gbé ní Nàìjíríà, ẹ̀rí ilé tí ẹ máa gbé lọ́hùn-ún, àti àkọsílẹ̀ ẹrù. Ẹ̀rí ilé ti Nàìjíríà ni mo máa ń rí tó ń dá èèyàn dúró, nítorí orúkọ lánlọ́ọ̀dù ló máa ń wà lórí bíìlì iná. Kí ẹ tó fi ilé sílẹ̀, ẹ lọ gba ìwé báńkì tó ní àdírẹ́sì yín lórí, kí ẹ sì tọ́jú àdéhùn ilé tí ẹ bá lánlọ́ọ̀dù ṣe.

Ní ti ẹrù yín tó ti dé yìí, ẹ kọ ToR1 lónìí, kí ẹ sì fi tó ejẹ́ǹtì létí pé ẹ ti kọ ọ́. Ẹ bi í pé ọjọ́ ọ̀fẹ́ mélòó ló kù ní èbúté, torí pé lẹ́yìn rẹ̀ ni dẹ̀mọ́rèèjì, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà lórí ẹrù tó bá pẹ́ ní èbúté, yóò máa gorí ara wọn lójoojúmọ́. Bí dẹ̀mọ́rèèjì bá ti fẹ́ ju owó tí wọ́n ń béèrè lọ, ẹ san owó náà kí ẹ gbé ẹrù yín, ṣùgbọ́n ẹ má sọ rìsíìtì kankan nù. Ìwé C285 ni wọ́n fi ń béèrè owó padà lọ́wọ́ HMRC bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ akẹ́rù ló gbé ẹrù wọlé. Ẹ fi ToR1 tì í lẹ́yìn.

Ìbéèrè: Àwọn ará ọ́fíìsì ra tẹlifíṣọ̀n tuntun fún mi láti fi kí mi pé ó dàbọ̀. Ó ṣì wà nínú páálí rẹ̀. Ṣé ó lè bá àwọn yòókù wọlé?

Ó lè bá wọn wọlé, àmọ́ ẹ máa san owó lórí rẹ̀, nítorí kò tíì pé oṣù 6, ẹ kò sì tíì lò ó. Ẹ kọ ọ́ sọ́tọ̀ pẹ̀lú iye tí wọ́n rà á. Ẹ má fi í pamọ́ sáàárín aṣọ. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bá rí tí kò sí nínú ìwé, gbogbo páálí ni wọn yóò tú tìtorí rẹ̀. Ọtí àti sìgá náà kò sí lábẹ́ ìyọ̀ǹda yìí. Ohun tí wọ́n bá sì jẹ́ kó wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kò gbọ́dọ̀ tà á tàbí kí ẹ fi háyà títí oṣù 12 yóò fi pé, àfi bí ẹ bá kọ́kọ́ sọ fún HMRC.

Ìbéèrè: Mo kọ “ẹrù ilé” sára gbogbo páálí mi, mo sì kọ òfo síbi iye owó nítorí pé n kò fẹ́ tà wọ́n. Wọ́n dá ìwé mi padà. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹrù ti ń há, ó sì ń dùn mí, nítorí pé iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. “Ẹrù ilé” kò sọ nǹkan kan fún aṣọ́bodè. Ohun tó ń wá ni irú èyí: “Páálí 4: ìkòkò irin 3, abọ́ tánńganran 12, ẹ̀rọ ìlọta 1, lílò ni gbogbo rẹ̀, £45.” Iye tí ẹ kọ ni iye tí wọ́n lè ta nǹkan náà bó ṣe wà yìí. Iye tí ẹ fi rà á ní tuntun kọ́ ni wọ́n ń béèrè, òfo kò sì sí nínú ìṣirò wọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi kọ ọ́, kí ẹ sì ṣàlàyé ohun tí àlejò kò lè mọ̀: ẹ sọ pé aṣọ híhun tí obìnrin fi ń wé orí ni gèlè, kí ẹ sọ pé ọpọ́n eré ni ọpọ́n ayò.

Bí mo ṣe máa ń ní kí àwọn èèyàn ṣe é ni pé kí ẹnì kan máa to ẹrù, kí ẹnì kejì máa kọ. Kí páálí tó pa dé, ẹ ya fọ́tò inú rẹ̀, kí nọ́ńbà páálí náà hàn nínú fọ́tò. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sára ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti orí páálí, pẹ̀lú orúkọ yín bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù. Àkọsílẹ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí HMRC àti èyí tó wà lọ́wọ́ ejẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Ìbéèrè: Ìwé mi pé, URN wà níbẹ̀, síbẹ̀ kọ̀ntéénà kò kúrò lójú kan ní èbúté Felixstowe. Ejẹ́ǹtì ní ẹrù ẹlòmíràn ló fà á. Ṣé irọ́ kọ́ ló ń pa?

Ó lè jẹ́ òótọ́. Kọ̀ntéénà ẹsẹ̀ bàtà 20 ń gba nǹkan bíi kúbíìkì mítà 33, ìdílé tí ẹrù wọn lè kún un kò sì wọ́pọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ejẹ́ǹtì fi ń kó ẹrù ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀. Bí aṣọ́bodè bá ti fura sí páálí ẹnì kan, gbogbo kọ̀ntéénà ló máa dúró. Ẹ béèrè nọ́ńbà kọ̀ntéénà lọ́wọ́ ejẹ́ǹtì, kí ẹ fúnra yín wo ibi tó wà lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ ojú omi náà. Ejẹ́ǹtì tó bá kọ̀ láti fún yín ní nọ́ńbà yẹn, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì sanwó, ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé àdéhùn pé ta ni yóò san dẹ̀mọ́rèèjì bí ẹrù ẹlòmíràn bá dá tiyín dúró. Ẹ má sì fi ohun tí ẹ kò lè ṣe láìní sínú kọ̀ntéénà rárá. Ìwé ẹ̀rí, ìwé ìbí àwọn ọmọ, oògùn, aṣọ òtútù àti aṣọ ibùsùn tí ẹ máa kọ́kọ́ lò, ọwọ́ yín ni kí wọ́n bá lọ. Mo mọ àwọn ìdílé tó sun ilẹ̀ pákó lásán ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà ọ̀gìnnìtìn, tí bùláńkẹ́ẹ̀tì wọn wà lórí omi.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, páálí tí mo wọ̀n nílé jẹ́ kílò 14. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfurufú kó ẹrù ní kílò 30 làwọn máa gba owó lé lórí. Ṣé wọn ò rẹ́ mi jẹ báyìí?

Rárá, àbúrò mi. Ààyè tí páálí gbà nínú ọkọ̀ ni wọ́n fi ṣírò owó rẹ. Wọ́n máa ń wọn gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, wọn á sọ wọ́n di púpọ̀, wọn á wá fi 5,000 pín in. Páálí 60 ní 50 ní 50 jẹ́ 150,000. Bí o bá fi 5,000 pín in, kílò 30 ni. Èyí tó bá pọ̀ jù nínú ìṣirò yìí àti ìwọ̀n gidi ni wọ́n ń gbà. Ìrọ̀rí àti dùfẹ́ ló sábà máa ń fa èyí. Fún atẹ́gùn inú wọn jáde, kí o lo páálí kékeré, tàbí kí o fi wọ́n sínú ẹrù ojú omi. Nínú ọkọ̀ ojú omi, páálí kan náà kò ju kúbíìkì mítà 0.15 lọ. Ẹrù tó wúwo tí kò gba ààyè, bí ìwé, ni kí o fi sínú páálí tó kéré jù lọ, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má baà já.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ń ṣí lọ Leeds pẹ̀lú aya àti ọmọ. Mo fẹ́ fi pọ̀nmọ́, ẹran gbígbẹ, gààrí, èlùbọ́, ẹja gbígbẹ àti ẹ̀wà olóyin sínú ẹrù rẹ̀.

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá mi. Pọ̀nmọ́ àti ẹran kò lè wọlé, bí ẹ tiẹ̀ dín wọn, bí ẹ tiẹ̀ sè wọ́n mọ́ ọbẹ̀. Wàrà náà kò lè wọlé. Wọn yóò gbà á, wọn yóò sì bà á jẹ́. Ẹja gbígbẹ lè lọ, kí ó má ju kílò 20. Oyin kò gbọ́dọ̀ ju kílò 2. Gààrí àti èlùbọ́ kò ní wàhálà bí wọ́n bá gbẹ dáadáa, tí ẹ dì wọ́n pa sínú ọ̀rá. Ewé tútù àti ata tútù ní láti gba ìwé lọ́wọ́ NAQS, àjọ tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò, ìyẹn kò sì yẹ fún ẹrù ilé.

Ẹ fi ẹ̀wà sílẹ̀, mà. Ní 2015, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà nínú European Union, ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí oògùn kòkòrò dichlorvos tí wọ́n ń bá nínú rẹ̀. Ó máa rí ẹ̀wà rà lọ́hùn-ún. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹja bá aṣọ gbé nínú páálí kan; òórùn rẹ̀ kì í jáde lára aṣọ òkè mọ́.

Ìbéèrè: Ère ìbejì ìyá ìyá mi wà lọ́wọ́ mi. Ṣé mo lè kó o lọ?

Òfin àjọ tó ń mójú tó àwọn mùsíọ́ọ̀mù Nàìjíríà, NCMM, ka iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ó tún ka èyí tó ṣe pàtàkì nínú ìtàn tàbí iṣẹ́ ọnà, tí wọ́n sì ti fi ṣe ètùtù tàbí ayẹyẹ ìbílẹ̀ rí, mọ́ ọn. Irú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jáde láìgba ìwé àṣẹ. Ère ìbejì tí wọ́n ti bọ rí, ibẹ̀ ló bọ́ sí. Èrò tèmi ni pé kí ó wà nílé pẹ̀lú ẹbí. Bó bá jẹ́ ère tuntun tí ẹ rà lọ́jà, ẹ gbé e lọ sí mùsíọ́ọ̀mù tó wà ní Oníkàn ní Èkó kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì fún yín ní ìwé pé kì í ṣe ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Bí ẹ bá kan àpótí pákó fún un, pákó náà gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ ISPM 15, tó fi hàn pé wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀.

Ìbéèrè: Aṣọ òkè wa ti bu, abọ́ méjì sì fọ́. Adójútòfò ní àwọn kò ní san.

Ẹ wo ìwé àdéhùn yín. Púpọ̀ nínú àwọn adójútòfò kì í san owó ohun tó bá fọ́ nínú páálí tí ẹni tó ni ín fọwọ́ ara rẹ̀ dì. Páálí tó bá sọnù odindi ni wọ́n ń sanwó rẹ̀. Bí abọ́ bá ṣe iyebíye sí yín, ẹ jẹ́ kí ejẹ́ǹtì bá yín dì í. Ẹ tún yára kọ̀wé. Fún ẹrù tó bá ọkọ̀ òfurufú lọ, àdéhùn Montreal tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí fún yín ní ọjọ́ 14 láti kọ̀wé pé ó bà jẹ́. Fún báàgì tí ẹ wọ ọkọ̀ pẹ̀lú, ọjọ́ 7 ni. Fún ti ojú omi, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé tí ẹ ń fọwọ́ sí kí awakọ̀ tó yí padà.

Ní ti aṣọ tó bu, inú kọ̀ntéénà máa ń gbóná lọ́sàn-án, ọ̀rinrin inú ẹrù á gòkè, òtútù òru á sọ ọ́ di omi lára òrùlé irin, á wá máa kán sílẹ̀. Ẹ sá aṣọ kó gbẹ kanlẹ̀, ẹ fi ọ̀rá wé e, kí ẹ sì ju àpò kéékèèké tó ń fa ọ̀rinrin sínú páálí kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè: Kánádà ni èmi ń lọ. Ṣé bákan náà ni?

Òfin ibẹ̀ yàtọ̀. Ní pápákọ̀ òfurufú tí ẹ bá kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ sí ni kí ẹ ti fi àkọsílẹ̀ ẹrù tó ń bọ̀ lẹ́yìn hàn lórí ìwé BSF186. Bí ẹ bá kọjá láìfi hàn, ẹ lè san owó nígbà tó bá dé. Ní Amẹ́ríkà, CBP 3299 ni ìwé tiwọn, ohun èlò ilé sì gbọ́dọ̀ ti pé ọdún kan lẹ́nu lílò. Iná ìlú méjèèjì jẹ́ 120V, tiwa jẹ́ 230V bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ẹ má kó ẹ̀rọ ìlọta àti áyọ́ọ̀nù lọ síbẹ̀.

Ìbéèrè: Aládùúgbò wa ní kí n bá òun fi báàgì edé kékeré kan sínú ẹrù mi, àbúrò òun yóò wá gbà á ní Lọ́ńdọ̀nù. Ojú ń tì mí láti kọ̀.

Ẹ kọ̀. Orúkọ yín ló wà lára páálí, orúkọ yín ló wà lórí ìwé, ẹ̀yin sì ni NDLEA yóò mú bí oògùn olóró bá wà lábẹ́ edé náà. Wọ́n ti bá a nínú oúnjẹ báyìí léraléra. Ẹ sọ fún un pé ẹ ti fi àkọsílẹ̀ ẹrù ránṣẹ́ sí HMRC, àti pé ẹ kò lè fi nǹkan kún un mọ́. Bí ẹ bá ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ti wà nínú páálí, ẹ tú páálí náà lónìí kí ẹ dá a padà.