Bí a ṣe ń ka Sáàmù 51 ní Hébérù lórí fóònù

Ẹni tí kò dá lẹ́tà Hébérù kan mọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ ṣí blueletterbible.org; ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ Psalm 51:1 síbi ìwárí, kí ẹ sì mú KJV (Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti King James), torí pé orí KJV ni James Strong gbé atọ́ka ọ̀rọ̀ Bíbélì rẹ̀ lé ní 1890, níbi tó ti fún ọ̀rọ̀ Hébérù àti Gíríìkì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ẹ tẹ Tools lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ náà, kí ẹ yan Interlinear, tó ń fi ọ̀rọ̀ Hébérù hàn pẹ̀lú ti Gẹ̀ẹ́sì àti nọ́ńbà rẹ̀.

Ẹ wá H2617. Ọ̀rọ̀ Hébérù tó ni nọ́ńbà yìí ni Bíbélì Yorùbá àtijọ́ pè ní "ìṣeun ìfẹ́" níbí. Ní Sáàmù 23:6, òun kan náà ni "àánú". Bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà náà, gbogbo ẹsẹ tó ti jẹ yọ ni yóò tò sílẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ pẹ́ sí. Ọ̀pọ̀ ń wo ìtumọ̀ tó wà lókè nìkan, wọ́n á mú èyí tó bá ìwàásù wọn lọ. Ìwé atúmọ̀ kì í ṣe àtẹ tí a ti ń ṣa ohun tó wù wá. Ẹsẹ ló ń sọ ìtumọ̀ tó yẹ ẹ́.

Ẹ má fo lẹ́tà iwájú nọ́ńbà o. H ni ti Hébérù, G ni ti Gíríìkì. Bí ẹ bá kọ G2617, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "dójú tini" ni ẹ ó bá pàdé!

Nọ́ńbà náà kò sì kó gbogbo ọ̀rọ̀ tán. Ohun tó wà nínú ẹsẹ gan-an ni כְּחַסְדֶּךָ. Láti ọ̀tún, כְּ ni "gẹ́gẹ́ bí", ךָ tó parí rẹ̀ ni "rẹ". Àárín nìkan ni H2617. Fún irú gírámà báyìí, stepbible.org, tó bẹ̀rẹ̀ ní Tyndale House, ilé ìwádìí Bíbélì ní Cambridge, ni kí ẹ lò.

Lórí Sefaria, ìkànnì ìwé àwọn Júù, ẹsẹ yìí kan náà ni 51:3, torí pé àwọn Júù ka àkọlé sáàmù náà mọ́ ẹsẹ, ó sì gba méjì. Ẹ kò ní rí Málákì orí 4 níbẹ̀ rárá: 3:19–24 ni.

Ní ti Gíríìkì, bí Ìṣe 8:37 bá pòórá, fóònù yín kò bàjẹ́. Àwọn ìwé àfọwọ́kọ tó pẹ́ jù kò ní in, nítorí náà SBLGNT, ẹ̀dà Májẹ̀mú Tuntun Gíríìkì òde òní kan, fò ó. Textus Receptus, ẹ̀dà Gíríìkì àtijọ́ tí KJV tẹ̀lé, ni kí ẹ yàn bí ẹ bá fẹ́ kà á.

Bí ẹ bá da Hébérù kọ sínú Word, ẹ yí ìpínrọ̀ náà sí ọ̀tún-sí-òsì, kí ẹ lo fọ́ǹtì SBL Hebrew. Láìṣe bẹ́ẹ̀, àmì ìdánudúró lè fò sí òdìkejì, kí àmì fáwẹ̀lì sì kúrò lábẹ́ lẹ́tà rẹ̀.