Nọ́ọ̀tì ẹ̀sọ́ọ̀sì 911 àtijọ́: àwọn àṣìṣe tó ń sọ iṣẹ́ kékeré di gbèsè

Mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń gbé ọkọ̀ sókè níbí. Ẹni tí kò bá tíì mọ̀ pé a kì í wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, kó padà sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Àwọn tí mo ń bá wí ni ẹ̀yin tí ẹ ti tú Corolla àti Camry títí ọwọ́ yín fi yá, tí ẹnìkan wá gbé Porsche 911 àtijọ́ wá bá yín ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù, tí ẹ rò pé kò sí nọ́ọ̀tì tí ẹ ò lè tú. (911 ti Porsche ni mò ń wí o, kì í ṣe èyí tó ń kó yanrìn.)

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó ná. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà, sílíńdà mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, gbogbo wọn dùbúlẹ̀. Láti 1963 tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi ọkọ̀ náà han aráyé títí di 1998, afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kò ní rédíétọ̀. Ihò ẹ̀sọ́ọ̀sì kọjú sílẹ̀, sítọ́ọ̀dù M8 (ọ̀pá irin onítírẹ́ẹ̀dì tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀ sí, tó nípọn ní mílímítà mẹ́jọ) méjì-méjì ló sì wà lójú ihò kọ̀ọ̀kan, méjìlá lápapọ̀. Irin ni sítọ́ọ̀dù, alumíníọ̀mù ni héèdì, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, tó wọ̀ sí. Àwọn nọ́ọ̀tì kan wà ní gbangba, sọ́kẹ́ẹ̀tì 13 á mú wọn. Àwọn yòókù sá pamọ́ sókè lọ́hùn-ún, wọ́n gùn, inú wọn ló ní igun mẹ́fà, áláǹkíì gígùn (irin onígun mẹ́fà tí a ń ki bọ inú nọ́ọ̀tì) nìkan ló lè débẹ̀. Ohun tó tún dí wọn lójú ni páànù tó ń gba ooru lára ẹ̀sọ́ọ̀sì lọ sínú ọkọ̀ kí awakọ̀ lè móoru. Ta ló fẹ́ móoru ní Ìjẹ̀bú? Ṣùgbọ́n olówó ọkọ̀ ní bó ṣe ti Jámánì wá gan-an lòun fẹ́ ẹ, a ò lè bá a jà.

1. Àìnísùúrù fún epo. Ẹ ń fín epo tí ń tú ìpẹtà sí nọ́ọ̀tì, ẹ̀ ń gbé sípánà tẹ̀ lé e. Gààrí Ìjẹ̀bú kọ́ nìyẹn, tí èèyàn ń da omi sí tó sì ń mu lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ẹnu tírẹ́ẹ̀dì tó yọ síta, ẹ fín epo sí i lálẹ́, ẹ tún fín in láàárọ̀, ẹ tún fín in lálẹ́ ọjọ́ kejì. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyí ti gbé ìlú òyìnbó pẹ́, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín. Iyọ̀ yẹn ti jẹ nọ́ọ̀tì kí ọkọ̀ tó gorí omi.

2. Sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun méjìlá. Igun nọ́ọ̀tì ló máa jẹ, ẹ gbé e padà sínú àpótí.

3. Fífi ọwọ́ wá nọ́ọ̀tì láìrí i. Ẹ yọ táyà ẹ̀yìn, ẹ yọ sàlẹ́ńsà, bó bá ṣe é ṣe ẹ sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ díẹ̀. Ní tèmi, ikùn mi ti gba gbogbo àyè abẹ́ ọkọ̀, ọmọṣẹ́ méjì ló ń fà mí jáde bí mo bá wọlé, síbẹ̀ mi ò jẹ́ tú ohun tí ojú mi ò rí. Àwọn onígun-inú yẹn, ìdọ̀tí máa ń dì sínú wọn. Ẹ fi wáyà ha á mọ́ tónítóní, ẹ rọra fi háma kan áláǹkíì wọlé dé ìsàlẹ̀. Bí kò bá wọlé tán, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ ó yí i tí igun inú rẹ̀ á fi jẹ tán.

4. Iná. Nọ́ọ̀tì ni kí ẹ fi iná sí, kì í ṣe héèdì. Irin máa ń pọ́n kí ẹ tó bà á jẹ́. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n rárá: ní bíi 660 lórí ìwọ̀n Celsius, ó kàn máa yọ́ lójú yín ni. Bí nọ́ọ̀tì bá ti pọ́n díẹ̀, ẹ gbé iná kúrò, ẹ fi àbẹ́là kan án kó yọ́ wọ inú tírẹ́ẹ̀dì, ẹ wá yí i: díẹ̀ síwájú, díẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ nu epo tó ń kán lára ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ tó ṣáná o, torí pé ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí máa ń jò. Ọ̀pọ̀ 911 tí wọ́n ṣe láàárín 1968 sí 1977 ló jẹ́ pé magnesium ni ìdí ẹ́ńjìnnì wọn. Bí èyí bá gbiná, omi á tún bu epo sí i ni. Garawa yanrìn gbígbẹ ni kẹ́ ẹ gbé sí tòsí.

5. Èyí ni mo torí rẹ̀ jókòó kọ̀wé: ísì-áòtù, irinṣẹ́ tí wọ́n ń ki bọ ihò tí wọ́n lu sínú sítọ́ọ̀dù tó kán, kí wọ́n lè fi yí i jáde.

Lọ́dún kan tí Iléyá ti sún mọ́lé, mẹkáníìkì ọ̀dọ́ kan láti apá Rẹ́mọ wọ́ 911 ọ̀gá kan wá bá mi. Ọjọ́ kẹta Iléyá, níbi Ojúde Ọba, ni ọ̀gá náà fẹ́ gbé e jáde.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Nǹkan kékeré ló kù síbẹ̀.”

“Kékeré báwo?”

“Sítọ́ọ̀dù kan ló kán, sà.”

Mo tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ibẹ̀. Sítọ́ọ̀dù ti kán dọ́gba pẹ̀lú ojú héèdì. Ọmọ náà ti lu ihò sí i, ihò ọ̀hún kò sí láàárín, ó ti yẹ̀ sápá kan débi tí díríìlì ti bu alumíníọ̀mù jẹ. Nínú ihò yẹn ni ísì-áòtù kán sí, tó ń dán gbinrin. Mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo tún rí òmíràn, òun náà ti kán, ísì-áòtù wà nínú tiẹ̀ náà.

“Èyí ńkọ́?”

“Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ fi dánra wò, sà.”

Ẹ gbọ́ mi. Sítọ́ọ̀dù yẹn nípọn ní mílímítà mẹ́jọ, nígbà tó sì wà lódindi, ìpẹtà dì í mú títí ó fi kán. Ẹ wá lu ihò sí i, ẹ ki irin mílímítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin bọ inú rẹ̀, ẹ ní òun ló máa yí ohun tí odindi kò lè yí. Báwo? Ísì-áòtù tún rí ṣóńṣó lẹ́nu, bẹ́ ẹ ṣe ń yí i ló ń ti ara sítọ́ọ̀dù síta, tó ń fún un mọ́ ògiri ihò. Irin líle sì ni, kì í tẹ̀, kíkán ló ń kán. Nígbà tó bá kán, díríìlì ọjà kan kò lè jẹ ẹ́ mọ́. Ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná jẹ irin, tàbí bíìtì carbide lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, ló kù. A sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, a tú héèdì. Jíìpù ìyàwó rẹ̀ ni ọ̀gá náà gbé lọ Ojúde Ọba.

Ohun tó yẹ kí mẹkáníìkì yẹn ṣe rèé. Bí ìdí sítọ́ọ̀dù bá ṣì yọ díẹ̀, ẹ fi nọ́ọ̀tì tuntun bọ̀ ọ́, kí wẹ́dà jó o pọ̀ láti inú. Ooru yẹn fúnra rẹ̀ ló ń tú ìpẹtà. Ẹ yọ bátìrì àti alternator kúrò lórí wáyà kí wẹ́dà tó fọwọ́ kàn án. Bó bá kán dọ́gba, ẹ kọ́kọ́ ṣe irin atọ́nà tí díríìlì máa gbà wọlé ní àárín gan-an, kẹ́ ẹ lo bíìtì tó ń yí sósì, nígbà mìíràn òun fúnra rẹ̀ á fà á jáde. Bí tírẹ́ẹ̀dì héèdì bá ti lọ, ẹ fi Helicoil tàbí Time-Sert (tírẹ́ẹ̀dì irin tuntun tí a ń fi sínú ihò) tún un ṣe, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà kó lè lágbára, ibẹ̀ ni sítọ́ọ̀dù ti ń kọ́kọ́ kán. Bí nọ́ọ̀tì bá ń tẹ̀ bíi rọ́bà lọ́wọ́ yín, ẹ dáwọ́ dúró, epo àti iná ló kàn. Bó bá sì jẹ́ pé sítọ́ọ̀dù àti nọ́ọ̀tì jọ jáde pọ̀ lódindi, ẹ yọ̀, ẹ ra tuntun.

Ó ku dídá padà. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí ẹ fi sí, kì í ṣe gọ́ọ̀mù tí ẹ ń fi lẹ páànù epo. Jíjó ló máa jó. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi bàbà bò ni kí ẹ rà. Ẹ fi ọwọ́ lásán bọ gbogbo wọn kẹ́ ẹ tó fún ẹyọ kan. Ẹni tó bá fún apá kan le kó tó bọ èkejì, héèdì ló ń fà wọ́. Bíi 20 sí 25 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì) tó fún M8, bẹ́ ẹ bá sì fi gíríìsì bàbà sí tírẹ́ẹ̀dì, ẹ má kọjá 20.

Lẹ́yìn náà kí ẹ tan ọkọ̀ kó gbóná dáadáa, kí ẹ fi í sílẹ̀ kó tutù pátápátá, kí ẹ tún padà yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì wò. Bí ẹ bá wá ń gbọ́ tíkí-tíkí láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, tó ń lọ bó ṣe ń gbóná, ibi gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún yín pé tápẹ́ẹ̀tì inú ẹ́ńjìnnì ni, kó sì gbowó lọ́wọ́ yín.