Omi Mímu Lórí Ẹṣin: Bí Mo Ṣe Ṣètò Rẹ̀ fún Máìlì 100 Tevis

Ìgùnṣin Tevis ní Kalifọ́níà, tó ti wà láti ọdún 1955, jẹ́ máìlì 100 tí a gbọ́dọ̀ parí láàárín wákàtí 24. Aago 5:15 òwúrọ̀ la gbéra nítòsí Truckee, Auburn la ń lọ. Omi ni mo kọ́kọ́ ṣètò, kí n tó ronú kan oúnjẹ rárá.

Mo gbé ike omi 2, mílílítà 750 níkọ̀ọ̀kan, sí ọ̀tún àti òsì iwájú gàárì kí wọ́n lè wọ̀n dọ́gba. Mo dè wọ́n pinpin, torí pé ike tó bá ń jó á bó awọ èjìká ẹṣin, dókítà ẹran á sì dá yín dúró. Àpò omi lítà 1.5 wà lẹ́yìn mi, pẹ̀lú rọ́bà tí mo ń fà mu. Omi lásán ni mo bù sínú àpò, torí pé ṣúgà máa ń jẹ́ kí rọ́bà hu èéhù, omi lásán náà sì ṣeé dà sórí. Inú ike ni omi oníyọ̀ wà: fún lítà 1 omi kọ̀ọ̀kan, ìdámẹ́rin ṣíbí tíì iyọ̀, ṣíbí tíì 6 ṣúgà, àti oje òroǹbó díẹ̀. Ẹni tó mọ omi iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò fọ́mọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru á rí i pé iyọ̀ tèmi kéré. Bó bá pọ̀ jù, èébì ló ń gbé wá nínú oòrùn, ẹni náà á sì pa omi tì.

Láti òwúrọ̀ dé Robinson Flat, ibùdó ìsinmi kan lójú ọ̀nà, mílílítà 500 ní wákàtí kan tó. Nínú àwọn àfonífojì tó wà láàárín Last Chance àti Michigan Bluff, níbi tí ooru ti lè kọjá 38°C, mo sún un dé 750 sí lítà 1. Aago ọwọ́ mi ń dún ní ìṣẹ́jú 15-15, mo sì ń mu ẹnu méjì mẹ́ta nígbà tí ẹṣin bá ń rìn. Bó bá ń sáré, imú lomi ń gbà. Omi lásán lámujù léwu pẹ̀lú: iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ìka á wú, orí á fọ́, èèyàn á máa bì. Àwọn ará á rò pé òùngbẹ ni, wọ́n á tún bu omi fún un!

Ti ẹṣin ló díjú jù. Ó lè làágùn ju lítà 10 lọ ní wákàtí kan nínú ooru. Òógùn rẹ̀ níyọ̀ tó ti ẹ̀jẹ̀, nígbà mìíràn ó tún jù ú lọ, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ kì í ki débi tí òùngbẹ á fi tètè gbẹ ẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹṣin fi ń kọ omi ní máìlì 15 àkọ́kọ́. Ní gbogbo odò, mo tú ìjánu sílẹ̀, mo dúró, mi ò fa orí rẹ̀. Bí ẹṣin ẹlòmíràn bá ṣì ń mu, ẹ má ṣe lọ. Tiẹ̀ á gbórí sókè tẹ̀ lé tiyín.

Ṣíríǹjì ńlá tí kò lábẹ́rẹ́ ni mo fi ń fún un ní iyọ̀, gáráàmù 30 tí mo fi ápù lílọ̀ pò. Ó di ìgbà tó bá ti mumi. Bí a bá fún ẹṣin tí ara rẹ̀ ti gbẹ ní iyọ̀, ṣe ni iyọ̀ náà á fa omi kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wá sínú ìfun. Ní ìsinmi wákàtí kan-kan ní Robinson Flat àti Foresthill, koríko tí a rẹ sómi ló jẹ. Mo tẹ erìgì rẹ̀: ó yẹ kó pọ́n padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2, kó má sì lẹ̀ mọ́ ìka. Mo fún awọ èjìká rẹ̀ pọ̀: bó bá dúró gangan láìtẹ́ padà kíákíá, omi ti dín.

Ní Swinging Bridge, afárá kan nínú àwọn àfonífojì yẹn, mo ju fóòmù tí mo so okùn mọ́ sínú odò, mo ń rọ omi sí ẹṣin lọ́rùn láìdúró kí a tó pọ́n òkè Devil's Thumb.

Lẹ́yìn Foresthill, ilẹ̀ ṣú, ara tutù, ibẹ̀ gan-an làwọn èèyàn ti ń gbàgbé omi. Mi ò pa aago yẹn. Bí ìtọ̀ bá dúdú bíi tíì, ẹ ti rẹ̀yìn. Àwọn kan kì í mu torí ìnira sísọ̀kalẹ̀ láti tọ̀. Ibùdó kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ lò fún un, torí pé ẹ ṣáà máa sọ̀ níbẹ̀.