Bí ẹ ṣe máa mọ iye prẹ́ṣọ̀ tí fáànù tó ń lé èéfín nílò kẹ́ẹ tó rà á

Mo dé búkà kan ní Lagere, níbí ní Ifẹ̀, fáànù ńlá wà lórí òrùlé tó ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta, síbẹ̀ omi ń dà lójú àwọn tó ń ro àmàlà. Mo gbé ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan sẹ́nu ihò tó yẹ kó máa fa èéfín, ọ̀rá yẹn kàn já bọ́ sílẹ̀ ni. Fáànù ò bàjẹ́ o. Iye atẹ́gùn tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀ ni wọ́n wò tí wọ́n fi rà á, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí nǹkan kan ò dí i lọ́nà rárá ló lè fa tó yẹn.

Gbogbo nǹkan tó ń dí atẹ́gùn lọ́nà ló ń jẹ lára prẹ́ṣọ̀, ìyẹn agbára tí fáànù fi ń fa atẹ́gùn; a máa ro ohun tí wọ́n ń jẹ pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá iye atẹ́gùn. Kíṣìnì tó gùn ní mítà 5, tó fẹ̀ ní 4, tó ga ní 3, 60 m³ nìyẹn. Èmi máa ń ní kí atẹ́gùn ibẹ̀ pààrọ̀ nígbà 30 ní wákàtí kan, ó di 1,800 m³, ìyẹn 0.5 m³ ní sẹ́kọ́ńdì. Tí ẹnu páìpù páànù yín bá fẹ̀ ní 300 mm, atẹ́gùn á máa sá ní nǹkan bíi mítà 7 ní sẹ́kọ́ńdì. Ẹ wá ṣe 0.6 táìmù 7 táìmù 7, ẹ pè é ní 30 Pascal (Pascal la fi ń wọn prẹ́ṣọ̀); prẹ́ṣọ̀ atẹ́gùn tó ń sá nìyẹn. Ẹ má gbàgbé 30 yẹn.

Ibi táwọn èèyàn ti ń bà á jẹ́ rèé: bẹ́ńdì, ìyẹn ibi tí páìpù ti yí. Wọ́n á wọn páìpù tó lọ tààrà, mítà 10, Pascal 2 sí mítà kan, 20 péré, inú wọn á dùn, wọ́n á fò bẹ́ńdì bíi pé kò sí níbẹ̀. Bẹ́ńdì tí wọ́n gé ní igun gan-an bíi igun àpótí máa ń jẹ tó 1.2 táìmù 30 yẹn, ìyẹn 36 lórí ẹyọ kan, méjì ti di 72, ó ju gbogbo páìpù tààrà yín lọ ní ìlọ́po mẹ́ta! Èyí tí wọ́n tẹ̀ rọ̀bọ̀tọ̀ dáadáa ò ju bíi 6 lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ san owó iṣẹ́ fẹ́ni tó mọ páànù tẹ̀, owó yẹn ò tó owó fáànù ńlá. Ẹ má sì lo rọ́bà tó ń ká bí ìfun ẹran, àyàfi tó bá kúrú tẹ́ẹ sì fà á gbọọrọ.

Òmíì tún máa ń fẹ́ ṣọ́wọ́ ná, á ra páìpù 200 dípò 300. 30 yẹn á fò sí bíi 150. Ẹ má dán an wò.

Tí páìpù bá pín sí ẹ̀ka méjì, ẹ má ro ẹ̀ka méjèèjì pọ̀, èyí tó ń jẹ prẹ́ṣọ̀ jù lẹ máa kà.

Ó kù díẹ̀: ẹnu ihò tó ń fa èéfín 15, ibi tó ń jáde síta 30. Fún fítà tó ń gba ọ̀rá oúnjẹ inú èéfín, ẹ wo ìwé tó bá a wá, tí kò bá sí, 50 lèmi máa ń kà, torí fítà búkà kì í mọ́. Pẹ̀lú páìpù tààrà, 20, àti bẹ́ńdì rọ̀bọ̀tọ̀ méjì, 12, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 127. Mo máa ń fi ìdá mẹ́wàá kún un, ẹ jẹ́ ká ní 140.

Ẹ wá béèrè gráàfù fáànù, èyí tó ń fi iye atẹ́gùn tó ń fa ní prẹ́ṣọ̀ kọ̀ọ̀kan hàn, lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kẹ́ẹ wò ó bóyá ó ṣì ń fa 0.5 m³ ní 140 Pascal. Tó bá jẹ́ inṣì omi ni wọ́n fi wọn prẹ́ṣọ̀ ẹ̀, inṣì 1 jẹ́ 249 Pascal. Tí ò bá ní gráàfù, ẹ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ẹ sì rántí ṣí fèrèsé kan o, fáànù ò lè fa atẹ́gùn tí ò ráyè wọlé.

Lẹ́yìn tẹ́ẹ bá ti gbé e sókè, ẹ má wá irinṣẹ́ olówó gọbọi. Rọ́bà funfun tó mọ́ gaara, mítà 2, ẹ tẹ̀ ẹ́ bíi lẹ́tà U, ẹ da omi tẹ́ẹ fi zóbò díẹ̀ kùn sínú ẹ̀. Ẹ ki ẹnu kan sínú páìpù lẹ́yìn fítà, nítòsí fáànù, ẹ fi ìkejì sílẹ̀. Mílímítà kan tí omi fi ga ju ìkejì lọ tó Pascal 10, kíṣìnì tiwa yìí ó yẹ kó tó 13. Ní Iléṣà, mo rí 26 níbi kan. Àkísà táwọn òṣìṣẹ́ gbàgbé sínú páìpù ni.